Sàléńsà Ìjàpá àti Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni awuyewuye kan ti wà láàárín wa, kò sì jọ pé yóò tán bọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa jogún ọkọ̀ Volkswagen lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, irú èyí tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ìjàpá. Olùkọ́ ni bàbá náà, Ìkẹ́rẹ́ ni ilé wọn wà, ọkọ̀ náà sì ti lé ní 40 ọdún. Ó ń rìn síbẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ wa fẹ́ ṣe kò ju pé kó tú sàléńsà rẹ̀ kúrò, kó fi irú èyí tí àwọn eléré ìje ọkọ̀ ń lò rọ́pò rẹ̀: páìpù ńlá kan ṣoṣo, tí ń bú bí ẹranko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́, wọ́n fárígá. Wọ́n ní ohùn ọkọ̀ yẹn ni àwọn fi ń mọ̀ láti òkèèrè pé Dádì ti ń bọ̀ láti ilé ìwé, pé ohùn yẹn nìkan ló sì kù fún àwọn nínú ohùn Dádì.

Ẹnu wa kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni àṣẹ lórí sàléńsà. Àwọn kan ní ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń tún fọwọ́ kàn, bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ ló yẹ kó wà. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri kí gbogbo ẹbí lè sinmi. (Ẹni yẹn kì í ṣe ọmọ Èkìtì, a ti dárí jì í.) Nígbà tí àríyànjiyàn náà pọ̀, a pinnu láti wá ìdí ọ̀rọ̀ lọ: báwo ni ọkọ̀ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni sàléńsà rẹ̀ ń ṣe gan-an, kí sì ni àwọn baba wa ń ṣe sí ohun àtijọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́. Ìbéèrè ìkẹta yìí ló gbé wa dé ààfin Ògògà, bí ẹ óo ṣe rí i níwájú.

Oṣù Kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ méjì tó ń to ọkọ̀ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ẹ wo bí àkókò náà ṣe bọ́ sí i. Ní ìparí 1974 ni ìjọba Gowon tẹ́wọ́ gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Údójì, wọ́n fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó Údójì! Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà nígbà náà, yóò sọ ohun tí wọ́n fi rà nílé wọn. Rédíò ni ti àwọn kan, alùpùpù ni ti àwọn mìíràn, àwọn kan sì fi bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Olùkọ́ àti akọ̀wé tí kò jẹ́ ronú kan ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń yá owó kún tirẹ̀ láti ra Ìjàpá. Ní Èkìtì, níbi tí ó máa ń dà bíi pé olùkọ́ pọ̀ ju oníbàárà lọ, ọkọ̀ náà bá ilé rẹ̀ pàdé. Nígbà tí wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn, èyí tó ti di Yunifásítì Bámidélé Olúmilùà báyìí, ìlú náà di ìlú olùkọ́ pátápátá.

Ọ̀nà wa náà bá ọkọ̀ yìí lára mu. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, lórí táyà tí ẹ́ńjìnnì náà ń yí, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò ní radiétọ̀, kò sì ní omi kankan nínú. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ọkọ̀ mìíràn lè hó lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi kiri abúlé, ṣùgbọ́n Ìjàpá kò ní omi tí yóò hó. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ tó yí Ìkẹ́rẹ́ ká, pẹ̀lú òkè Olósùnta àti Orólè, tó sì ti rin ọ̀nà Ìsẹ̀ àti Emùré nígbà òjò, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lójú tiwa, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto nìkan ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ìjàpá inú àlọ́ kì í kú síbi tí a bá rò pé yóò kú sí.

Ó yẹ ká tú sàléńsà náà wò báyìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà lórí rẹ̀ ni kò tíì fojú kàn án rí. Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, wọ́n sùn nílẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Èéfín sílíńdà méjì tó wà lẹ́yìn ń lọ tààrà sínú àpótí sàléńsà tó dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ìdí ọkọ̀. Ti àwọn méjì iwájú kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú àpótí irin kan kọjá lápá kọ̀ọ̀kan, àpótí tí wọ́n ṣe láti fi gbígbóná èéfín náà mú afẹ́fẹ́ gbóná, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ọ̀hún lè lọ sínú ọkọ̀ níbi tí èèyàn jókòó sí. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, òtútù ń pa wọ́n. Àwọn ọ̀pá kékeré tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì ọwọ́ nínú Ìjàpá, tí àwọn ọmọdé máa ń fi ṣeré, iṣẹ́ wọn ni láti ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná náà àti láti ti í. Ẹ ronú sí i: odindi ẹ̀rọ kan tí a gbé gba òkun wá sí Ìkẹ́rẹ́ kí ó lè máa mú ooru wá fún wa.

Lẹ́yìn àpótí sàléńsà ni páìpù tín-ín-rín méjì ti yọ jáde. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni Volkswagen ti ń fi páìpù méjì sí i, àwọn ló sì ń fún ọkọ̀ náà ní fèrè rẹ̀, ohùn súfèé kan tó máa ń wà lábẹ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa ń sọ. Bí a bá tú páìpù méjèèjì yìí kúrò, súfèé náà lọ nìyẹn.

Kí wá ni èrè ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀? Ó wà, a kò ní purọ́. Àwọn tó ń fi Ìjàpá sáré ìje máa ń lo sàléńsà tí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba kí wọ́n tó pàdé, nítorí pé nígbà náà èéfín sílíńdà kan máa ń ran ti èkejì lọ́wọ́ láti jáde, ẹ́ńjìnnì á sì mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó bá ń mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ń fẹ́ epo sí i. Bí wọn kò bá tún kàbúrétọ̀ ṣe láti bá a mu, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ. Ẹ má gbàgbé pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tù ú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn wẹ́dà kan kì í bìkítà fún. Bí wọ́n bá yọ àwọn àpótí amúgbóná náà, wọ́n máa ń fi páìpù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà J dí àyè wọn. Kò sí ẹni tí yóò sunkún lórí ìyẹn ní Èkìtì, a kò kúkú nílò ooru wọn. Àmọ́ ojú ihò méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ibi fáànù lọ sínú àwọn àpótí náà gbọ́dọ̀ di dídí pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lófo, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì yóò máa sá jáde, ẹ́ńjìnnì á sì jó lórí òkè. Nígbà náà ni wọn yóò wá máa sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ ni, kò lágbára mọ́.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ ti ìdàkejì, kí àwọn tó ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan má baà máa yọ̀. Àpótí amúgbóná tó ti wà nídìí ọkọ̀ fún 40 ọdún ti dípẹtà. Bí ihò bá lu sínú rẹ̀, èéfín ni yóò máa bá afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó, èéfín tó ní gáàsì tí kò lóòórùn, tí kò ṣeé rí, tó sì ń pani lójú oorun. Ojúlówó ni, òtítọ́ ni, ó sì lè pa gbogbo ilé. Ẹni tó bá ní Ìjàpá tí kò tíì yẹ ibẹ̀ wò, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí.

A gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wà láyé. Wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní sàléńsà wo là ń pè ní ti ilé iṣẹ́? Èyí tó bá ọkọ̀ yìí dé ti jẹrà tipẹ́, nítorí irin ni, omi sì máa ń dì sínú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá tutù. Wọ́n ní àwọn àti bàbá jọ lọ ra òmíràn ní Gate, n'Ìbàdàn, ti àlòkù ni, nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kò tíì dáyé. Èyí náà lu, wẹ́dà lẹ̀ ẹ́. Ó tún lu, wẹ́dà tún lẹ ìlẹ̀mọ́ mọ́ orí ìlẹ̀mọ́. Páìpù méjèèjì tó ń fun súfèé, ọ̀kan ni ti Volkswagen, èkejì jẹ́ páìpù omi tí wẹ́dà kan ní Emùré gé tó sì fi rọ́pò.

Ẹ̀rín pa wá, a sì rò pé ìjà ti parí. Bí kò bá ti sí ojúlówó mọ́, kí ni à ń dáàbò bò? Ọ̀rẹ́ wa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀ gan-an, ó sọ ohun tí a rí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní: “Mi ò sọ pé ohùn Jámánì ni mo fẹ́. Ohùn Dádì ni mo ní.”

Ẹnìkan kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó di dandan ká tún ọ̀rọ̀ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú ìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa, bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kà sí pípé. Bọ́lẹ̀kájà ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Nígbà tí Bedford àti Austin ń ti Ìlú Ọba wá, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé iwájú, ẹ́ńjìnnì àti egungun abẹ́ nìkan ló ń dé èbúté. Káfíńtà ìhín ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tó ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, akunlé ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lójú: òwe, àdúrà, èébú fún ọ̀tá. Ẹni tó bá fẹ́ dá bọ́lẹ̀kájà padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde yóò ní láti kọ́kọ́ fọ́ bọ́lẹ̀kájà náà. Àwọn ọkọ̀ tí Volkswagen tò ní Èkó pàápàá, àdàlù ni. Brasília oní-ilẹ̀kùn mẹ́rin tó jẹ́ ti àwọn ará Bràsíìlì, Igala ni wọ́n sọ ọ́ níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé kì í ṣe Jámánì ni ilé rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kò fẹ́ gbà pé eré ìje kò bá Ìjàpá mu, ó sì ní ẹ̀rí. Ọkọ̀ eré ìje àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ Porsche, èyí tí wọ́n ṣe ní Gmünd ní Austria ní 1948, ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí wọ́n tún ṣe ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé Porsche àtijọ́ tí àwọn olówó ń tọ́jú bí ẹyin lónìí, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ìdè kan nínú rẹ̀, ọmọ Ìjàpá tí ẹnìkan fọwọ́ kàn ni. Ìjàpá gba ipò kìíní nínú eré Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1957 àti 1962. Peugeot 504, tí Kàdúná fi kún ojú ọ̀nà wa, gba tirẹ̀ ní 1975, ọdún kan náà tí ilé iṣẹ́ Kàdúná ṣí. Ní 1978, Peugeot 504 Coupé, èyí tó jẹ́ ọkọ̀ ayára gan-an, tún gbà á. Bí a bá ní kí gbogbo ọkọ̀ wà bó ṣe wà, èwo nínú ìwọ̀nyí ni à bá máa sọ ìtàn rẹ̀?

Àjọ àgbáyé kan wà fún ọkọ̀ àtijọ́, FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966. Òfin wọn ṣe kedere. Kí ọkọ̀ tó lè jẹ́ ọkọ̀ ìtàn, ó gbọ́dọ̀ ti pé 30 ọdún, ó gbọ́dọ̀ wà ní ipò tó bá ìtàn rẹ̀ mu, a kò sì gbọdọ̀ máa fi í rin ìrìn ojoojúmọ́. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú wa. Ìjàpá ọ̀rẹ́ wa ń lọ sọ́jà. Ó ń gbé iṣu. Lójú FIVA, kì í ṣe ọkọ̀ ìtàn rárá, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ní ìlú tí wọ́n ti kọ òfin yẹn, ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ní òmíràn tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó ń sọ láàárín wa pé ká má fọwọ́ kan Ìjàpá, òfin yìí ni wọ́n ń tẹ̀lé láìmọ̀. Wọn kò sì rò ó dé ìdí: ohun tí a bá fẹ́ kó má yí padà láé, a ní láti kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ààfin Ògògà ti wọ ọ̀rọ̀ wa, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ṣe irú nǹkan yìí rí tó sún mọ́ wa tó ibẹ̀. Ọlọ́wẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló gbé, tó sì ti sin Arínjalẹ̀ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé ààfin àwọn ọba mìíràn. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ ìgbà tí Ògògà gba Kápútéènì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lálejò. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ń bọ̀, orí àwọn tó gbé e ló wà, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àmọ́kù. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ohun àtijọ́. Ọ̀rọ̀ àná ló gbẹ́ sára ilẹ̀kùn.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ohun tí ọba gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní Ìlú Ọba fún òun, kí wọ́n sì mú ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ṣe wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Art Institute of Chicago láti 1984: ọba lórí ìtẹ́, olorì ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ kú ní 1938.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ́ ìtàn yìí, inú bí wa, bí ó ṣe máa ń bí gbogbo ọmọ ọdún 18 nínú kíláàsì. Ìbínú náà kò tíì lọ tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọba ṣe rò ó. Ó mọ iye ilẹ̀kùn náà, ìdí nìyẹn tí kò fi gba owó. Síbẹ̀ kò rò ó pé ọlá ààfin òun wà nínú igi kan ṣoṣo tí a kò lè pààrọ̀. Agbẹ́gilére wà láyé, igi wà nínú igbó, ààfin sì ń bẹ. Ìtẹ́ tuntun láti òkè òkun, ẹ̀ṣọ́ ni fún un. Ilẹ̀kùn tó lọ ni a ń rí nínú ìwé, tí a ń kọ ìdánwò lé lórí. Gíláàsì ń ṣọ́ ọ, òjò kò pa á, ikán kò jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ ọba láti ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bí àwọn tó kù nílé sì ṣe ń tọ́jú irú iṣẹ́ yẹn, bí ẹni ń pa á lára ni yóò rí lójú àwọn ará mùsíọ́mù. Òpó àti ère ojúbọ, kíkùn ni wọ́n ń kùn wọ́n lọ́dà tuntun bí ọdún bá yí po. Ère ìbejì, wíwẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn pa á lára, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, títí imú àti ojú rẹ̀ á fi jẹ dan. Ère ìbejì tí ojú rẹ̀ mú ṣánṣán bí ìgbà tí ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ẹ̀rí ni pé ìyá kò fọwọ́ bà á púpọ̀. Ìfẹ́ ló jẹ ojú rẹ̀.

Èyí kò sọ pé kí a máa ba nǹkan jẹ́ kí a sì máa pè é ní àṣà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó kun òpó lọ́dà àti ẹni tó gé òpó láti fi dáná. Nínú ìlànà tí FIVA fọwọ́ sí tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Turin, àwọn náà kò ní kí a má yí ohunkóhun padà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ìyípadà jẹ́ èyí tí a lè dá padà, kí a sì tọ́jú ẹ̀yà tí a bá yọ. Lórí èyí, a bá wọn lọ pátápátá. Sàléńsà rọrùn ju ohun gbogbo lọ nínú ọkọ̀ láti dá padà, nítorí bóòtù ló dì í mú. Èyí tó yẹ kó máa bà wá lẹ́rù ni àwọn wẹ́dà tó ń gé ìdí ọkọ̀ kí páìpù ńlá lè ráyè, nítorí ìyẹn kò ṣeé gbà padà.

Àwọn aládùúgbò náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Láti 2009 ni àjọ NESREA ti ní òfin lórí ariwo ní orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n sì ṣe ti èéfín ọkọ̀ ní 2011. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹ̀rọ amúnáwá lè bi wá pé òfin wo là ń sọ. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń sùn ní Ìkẹ́rẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ eré ìje ni.

Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ti jáde tó bá wà n'Ifẹ̀ ní 2014 yóò rántí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní OAU tó mú Ìjàpá, tó to pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí rẹ̀, tó sì fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè máa gbé e rìn dípò epo. Ìròyìn rẹ̀ dé òkè òkun. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka iye ìdè tó kù nínú ọkọ̀, ìparun ni. Ní tiwa, ó wà lára ohun tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ti fi Ìjàpá ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ó sì yanjú ọ̀rọ̀ sàléńsà ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú kàn, nítorí ọkọ̀ tí kò jó epo kò nílò sàléńsà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí nìyí. Mẹkáníìkì àgbà ti yọ àwọn àpótí amúgbóná tó ti jẹrà, wọ́n sì dí ojú ihò méjèèjì. Lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó jiyàn. Sàléńsà oníwẹ́dà náà wà nídìí ọkọ̀ síbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ wa bá ra èyí tó ń fẹ́, ti àtijọ́ kò ní lọ sọ́dọ̀ oníirin, inú yàrá ìkẹ́rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò wà, pẹ̀lú páìpù omi ará Emùré. Wọ́n sì ti fi fóònù gba ohùn ọkọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe ń gòkè wọ ilé.

Nínú ìwádìí yìí la ti rí i pé ìwé lórí àwọn ọkọ̀ olùkọ́ ní gúúsù Èkìtì kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ra Ìjàpá tàbí 504 láàárín 1975 sí 1985 ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún tàbí Emùré, ẹ wo inú àpò ìwé àtijọ́ nílé. Bí ẹ bá rí rìsíìtì, ìwé owó yíyá, tàbí fọ́tò tí ẹnìkan ti fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ya á kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kọ orúkọ wẹ́dà tó máa ń lẹ sàléńsà rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò náà, bí ẹ bá rántí.